Òkèèrè Ni A Ti Ń Wò Ó: Ìṣọ́ Ìdàgbàsókè Ọmọdé àti Ìrànlọ́wọ́ Àtètèṣe ní Àwùjọ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí òbí àti olùkọ́ ṣe lè máa ṣọ́ ìdàgbàsókè ọmọ láti ọjọ́ ìbí títí di ọdún márùn-ún, àti bí wọ́n ṣe lè tètè wá ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ bá fà sẹ́yìn. Ó ṣe àfihàn ohun tí àṣà Yorùbá ti ní nílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, pàápàá orúkọ àmútọ̀runwá, ìwẹ̀ ọmọ àti eré ọmọdé. Ó tún fi ìmọ̀ gírámà Yorùbá tú ohun tí àwọn òbí máa ń sọ nípa ọmọ wọn palẹ̀. Iṣẹ́ náà fi orí tì síbi pé olùkọ́ kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n òun ni ẹlẹ́rìí tí ó sún mọ́ ọmọ jù lọ lẹ́yìn àwọn ará ilé rẹ̀, àti pé ìbéèrè tí ó bá fi èdè Yorùbá tí ó tọ́ béèrè lè gba ọmọ là lọ́wọ́ ìdádúró.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Wọ́n tún ní, "Àtòkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun." Òwe méjèèjì ń kọ́ni pé ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń bọ̀ kì í dúró títí ohun náà yóò fi dé bá a. Ó ya ni lẹ́nu pé àwùjọ tí ó ní irú òwe báyìí máa ń fi ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ọmọ falẹ̀ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ kò ju méjì lọ. Ìyá àgbà ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Wòlíì ní kí ìyá rẹ̀ gba ààwẹ̀. Olùkọ́ ní olórí kunkun ni, nítorí kì í dáhùn bí a bá pè é. Ẹbí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá ọmọ ní ìwòkuwò. Ọdún méjì lè kọjá báyìí kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìbéèrè tí ó rọrùn jù lọ: ǹjẹ́ ọmọ yìí ń gbọ́ràn bí? Kò sí ìkà kankan nínú àwọn tí ó yí ọmọ náà ká. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọ́n kò ní ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣọ́ ọmọ àti ọ̀nà tí a ń gbà wá ìrànlọ́wọ́ fún un. Èyí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

2. Ohun tí a ń ṣọ́ àti ìdí tí àkókò fi ṣe pàtàkì

Àwọn onímọ̀ máa ń pín ìdàgbàsókè ọmọdé sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní ni ti ara, bí i kí ọmọ gbé ọrùn dúró, kí ó jókòó, kí ó rìn, kí ó sì lè fi ìka ṣa nǹkan nílẹ̀. Èkejì ni ti èdè, èyí tí ó kó gbígbọ́ àti sísọ pọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti òye, bí i kí ọmọ wá ohun tí a fi pamọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ti ìbáṣepọ̀, bí i kí ó rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó mọ̀ tàbí kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọnú ara wọn. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa kò ní sọ̀rọ̀ bí ó ṣe yẹ. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ kò ní bá ẹgbẹ́ ṣeré bí ó ṣe yẹ. Bí kò bá sì bá ẹgbẹ́ ṣeré, àwọn ènìyàn yóò gbà pé òye ni kò ní.

Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Ómánì àti Amẹ́ríkà. Ìwádìí náà fi hàn pé àwọn ọmọ tí ara wọn le máa ń dá jókòó láàrin nǹkan bí oṣù 4 sí oṣù 9, wọ́n máa ń dá dúró láàrin nǹkan bí oṣù 7 sí oṣù 17, wọ́n sì máa ń dá rìn láàrin nǹkan bí oṣù 8 sí oṣù 17 àbọ̀. Àwọn ọmọ díẹ̀ wà tí kò rákò rárá, tí wọ́n kàn dìde rìn. Nítorí náà, òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ìka kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ìka kò tilẹ̀ dọ́gba, ara ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ìyàtọ̀ láàrin ọmọ kan àti èkejì ní ààlà, ọmọ tí ó bá sì ti kọjá ààlà náà yẹ ní ẹni tí a ń yẹ̀ wò.

Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ dúró ni pé ọpọlọ kì í dúró. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún méjì, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọpọlọ àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ etí ni ó fi èyí hàn jù. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ nípa etí ń tẹ̀lé ni pé kí a yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí a mọ ohun tí ó ń ṣe é kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Yorùbá máa ń sọ pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀rọ̀ ìwà ni a sábà máa ń lo òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti èdè mu pẹ̀lú.

3. Ẹ̀kọ́ láti Ìmẹ̀sí-Ilé

Kò yẹ kí olùkọ́ Yorùbá rò pé ohun àjèjì ni kí a máa kọ ìdàgbàsókè ọmọ sílẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ó lókìkí jù lọ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1956, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni káàdì tí ó pè ní "Ọ̀nà sí Ìlera" ti jáde, èyí tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lágbàáyé gbà lò lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kọ́ méjì wà nínú káàdì náà fún iṣẹ́ yìí. Èkíní ni pé ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá ni ó ni ọmọ, òun náà ni ó ni àkọsílẹ̀. Èkejì ni pé ìwọ̀n ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti fi mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe. Ọ̀nà tí ìlà inú káàdì ń gbà lọ ni a ń wò: ṣé ó ń gòkè, ṣé ó dúró lójú kan, àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀? Ìwọ̀n ara nìkan ni káàdì yẹn ń wọ̀n. Bí a bá lè fi ojú kan náà wo èdè, òye àti ìbáṣepọ̀, tí a ń kọ wọ́n sílẹ̀ láti oṣù dé oṣù, a ó ti ṣe ohun tí ìṣọ́ ìdàgbàsókè túmọ̀ sí.

4. Ìṣọ́ ọmọ nínú àṣà Yorùbá

4.1 Orúkọ àmútọ̀runwá

Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti ń fi orúkọ ṣe àkọsílẹ̀ bí a ṣe bí ọmọ. Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé. Òjó ni ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Àìná sì ni obìnrin. Ọmọ tí a bí sínú àpò tí kò fọ́ ni Ọ̀kẹ́. Ọmọ tí ó lò ju oṣù mẹ́sàn-án lọ nínú oyún ni Ọmọ́pẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí ni agbẹ̀bí ṣì ń kọ sínú ìwé lónìí. Èyí kò túmọ̀ sí pé àléébù wà lára Ìgè tàbí Àìná. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní ìṣòro kankan. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀ pé ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé yẹ ní ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a fi kún ohun tí orúkọ ń sọ. Èkíní: ṣé ọmọ náà ké kété tí a bí i? Bí atẹ́gùn kò bá tètè dé ọpọlọ, ó lè pa á lára. Èkejì: ṣé ojú tàbí ara rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Bí ibà pọ́njú ọmọ tuntun bá le tí a kò sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba etí jẹ́, ó sì lè ba ibi tí ọpọlọ fi ń darí iṣan jẹ́. Kánfọ̀ tí àwọn kan máa ń kó sáàárín aṣọ ọmọ lè mú ibà yìí le gan-an lára ọmọ tí èròjà ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní G6PD kò tó lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni a ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì kò tó o.

4.2 Ìwẹ̀ ọmọ àti pípọ̀n

Nínú ilé Yorùbá, ìyá àgbà ni ó sábà máa ń wẹ ọmọ tuntun. Yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ sórí wọn, yóò sì máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Jíju ọmọ sókè tí àwọn kan máa ń fi kún un léwu, ó sì yẹ kí a fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń wẹ ọmọ lójoojúmọ́ ni ó kọ́kọ́ máa ń mọ̀ bí ara ọmọ bá le gbagidi tàbí bí ó bá rọ̀ jù, bí apá kan kò bá ṣiṣẹ́ tó èkejì, tàbí bí ọmọ bá ń di ẹ̀ṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yìn ìyá náà ń sọ̀rọ̀: ìyá tí ó ń pọn ọmọ oṣù márùn-ún mọ̀ bí ọrùn rẹ̀ kò bá tíì dúró. Ìmọ̀ yìí wà nílé. Ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà ni kò sí. Bí dókítà bá bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè, ó yẹ kí ìyá àgbà náà wà ní ìjókòó.

4.3 Eré àti ìkíni

Eré bojúbojú ń fi òye hàn, nítorí ọmọ tí ó ń wá ẹni tí ó fi ara pamọ́ ti mọ̀ pé ohun tí òun kò rí ṣì wà. Àtẹ́wọ́ àti jíjuwọ́ "ó dàbọ̀" ń fi hàn bóyá ó lè sín ènìyàn jẹ. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ tí ọmọ kékeré ń gbìyànjú láti ṣe ń fi ìbáṣepọ̀ hàn. Ọmọ tí ó bá ń sá fún ojú ènìyàn ní gbogbo ìgbà, tí kì í nawọ́ sí ohun tí ó wù ú kí ẹlòmíràn lè bá a wò ó, yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ ọtísíìmù. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òrun.

5. Gírámà ìdúródè: "kò tíì" àti "kò … mọ́"

Ibí yìí ni ìmọ̀ èdè ti lè ran iṣẹ́ ìlera lọ́wọ́. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(a) Adé kò sọ̀rọ̀.
(b) Adé kò tíì sọ̀rọ̀.
(d) Adé kò sọ̀rọ̀ mọ́.
(e) Odi ni Adé.

Gbólóhùn (a) kàn sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Nínú (b), tíì fi hàn pé à ń retí ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Gbólóhùn ìrètí ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn òbí fi fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n a sì fi "tí ó bá yá, yóò sọ̀rọ̀" parí rẹ̀. Ìṣòro (b) ni pé kò ní gbèdéke. A lè sọ ọ́ nípa ọmọ oṣù mẹ́fà, a sì lè sọ ọ́ nípa ọmọ ọdún mẹ́fà, gírámà kò sì ní bá wa wí. Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni láti so àkókò mọ́ tíì: "Adé kò tíì rìn, ó sì ti pé oṣù 18." Lọ́gán tí àkókò bá wọ inú gbólóhùn, ìrètí náà yóò di ètò.

Gbólóhùn (d) ni ó léwu jù. Mọ́ fi hàn pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti wà rí, ó sì ti dáwọ́ dúró. Ọmọ tí ó ti ń pe "omi" àti "mọ́mì" ní oṣù 18, tí ó sì di ọdún méjì tí kò pè wọ́n mọ́, kì í ṣe ẹni tí a ń dúró dè. Ọmọ tí ó bá pàdánù ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀, ìrìn tàbí ẹ̀rín, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà láìfi falẹ̀. Bí olùkọ́ bá gbọ́ mọ́ lẹ́nu òbí, kí ó dá ọ̀rọ̀ tí ó kù dúró, kí ó sì béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn (e) kò sọ ohun tí ọmọ ń ṣe tàbí tí kò ṣe. Ó sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ àti ni ti so ó mọ́ ibẹ̀, kò sì sí àyè fún tíì mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọ̀dẹ̀" àti "dìndìnrìn." Àwọn àgbà tí wọ́n ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, tí wọ́n sì kà wọ́n sí ti Ọbàtálá, mọ̀ pé orúkọ tí a bá pe ènìyàn ń pinnu ọ̀nà tí a ó gbà lò ó. Akàndá ẹ̀dá ni ó yẹ kí olùkọ́ máa lò. Èyí tí ó tún sàn jù ni kí ó sọ ohun tí ọmọ nílò.

6. Bí a ṣe ń béèrè

Bí olùkọ́ bá bi ìyá kan pé, "Ṣé àléébù wà lára ọmọ yín?" ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́, "Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀!" Àdúrà ni ìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tí ojú ìyá rí ni kí a béèrè. Àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e yìí bá àtẹ tí àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà tún ṣe ní ọdún 2022 mu. Wọ́n gbé e ka orí ohun tí ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ti máa ń lè ṣe ní ọjọ́ orí náà.

Oṣù 2: Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?
Oṣù 4: Bí ẹ bá gbé e, ṣé ọrùn rẹ̀ ti dúró?
Oṣù 9: Bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, ṣé ó máa ń wò yín? Ṣé ó ti ń dá jókòó?
Oṣù 12: Ṣé ó máa ń juwọ́ "ó dàbọ̀"? Ṣé ó ti ní orúkọ tí ó ń pe ìyá tàbí bàbá?
Oṣù 18: Ṣé ó ti ń rìn láìdi nǹkan mú? Ṣé ó máa ń nawọ́ sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó? Yàtọ̀ sí ìyá àti bàbá, ṣé ó ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ?
Ọdún 2: Ṣé ó ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí i "gbé mi"?

"Rárá" kan ṣoṣo kì í ṣe àrùn. Ìdí tí a fi ní láti yẹ ọmọ wò ni. Bí ìyá bá sì sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀, bí ó tilẹ̀ dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀, kí a má ṣe fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó tún yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí èdè méjì. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan máa ń gba òbí níyànjú pé kí wọ́n pa Yorùbá tì nílé nítorí pé ọmọ pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Gbígbọ́ èdè méjì kì í fa ìfàsẹ́yìn èdè. Ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà ní Yorùbá àti mẹ́rin ní Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí a kà á. Bí a bá gba Yorùbá lẹ́nu ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ yóò dín kù ní àsìkò tí ó nílò rẹ̀ jù.

7. Ọ̀nà ìrànlọ́wọ́

Òfin wà nílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 dá ẹ̀tọ́ ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú àkànṣe mọ̀. Ní ọdún 2007, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbé ìlànà àpapọ̀ kan kalẹ̀ lórí ìtọ́jú àti ìdàgbàsókè ọmọdé. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìdẹ́yẹsí àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n òfin kì í pọn ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹnì kan ni yóò gbé e débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí olùkọ́ kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò: "Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ẹ̀yìn, kò wẹ̀yìn" wúlò ju "kò gbọ́ràn" lọ. Ìkejì ni kí ó pe òbí sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú àwọn òbí yòókù, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe kí ó tó sọ èyí tí kò tíì ṣe. Ìkẹta ni kí òbí mú àkọsílẹ̀ náà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí ó sì béèrè fún ìwé tí yóò mú un dé ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ, etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wà.

Nígbà mìíràn, wọn a ní kí òbí lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá tàbí Aró. Orúkọ Aró nìkan tó láti mú kí ẹbí fàbọ̀ sórí ìjókòó, nítorí wèrè ni àwùjọ fi mọ ibẹ̀. Olùkọ́ ní láti ṣàlàyé pé ibẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọdé wà, àti pé ọmọ tí a gbé lọ síbẹ̀ kò di wèrè. Ní ti ẹ̀kọ́, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kí ilé má sì jókòó tẹtẹrẹ nígbà tí ó ń dúró de dókítà. Bíbá ọmọ sọ̀rọ̀ lójúkojú, pípe orúkọ ohun tí ó ń wò, àlọ́, orin àti bojúbojú kò náni lówó. Àdúrà náà kò burú, bí kò bá ti gba ipò àyẹ̀wò.

8. Àbá

(i) Kí àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ máa bá ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ṣiṣẹ́ pọ̀ láti túmọ̀ ìbéèrè àyẹ̀wò sí Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà lè dáhùn, kí wọ́n sì dán an wò ní àwọn ẹ̀ka-èdè.
(ii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ nípa ọmọ kan, kí ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán.
(iii) Kí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn jù tí ó ń yẹ etí àti ojú ọmọdé wò.
(iv) Kí olùkọ́ má ṣe sọ orúkọ àrùn fún òbí. Kí ó sọ ohun tí ó rí, kí ó jẹ́ kí dókítà sọ orúkọ rẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìṣọ́ ìdàgbàsókè ọmọdé kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ó wà nínú orúkọ, nínú ìwẹ̀, nínú eré, ó sì wà nínú káàdì tí iṣẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé fún àgbáyé. Ohun tí ó kù ni kí a so àkókò mọ́ ohun tí a ń rí, kí a mọ ìyàtọ̀ láàrin tíì àti mọ́, kí a sì mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kàn. Ọmọ ọdún mẹ́ta inú ìfáárà kò nílò kí olùkọ́ rẹ̀ mọ gbogbo ìmọ̀ ìṣègùn. Ohun tí ó nílò ni kí olùkọ́ náà pè é lẹ́ẹ̀kan láti ẹ̀yìn, kí ó kíyè sí i bóyá ó wẹ̀yìn, kí ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà.